Fáànù Tí Ẹ Fi Ránṣẹ́ sí Màmá

Hayin Dogo, Zaria

Àǹtí Tinúkẹ́,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Ara Bàbá ti ń yá. Fáànù yín dé, òun gan-an ló mú mi kọ̀wé.

Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ jóná. Màmá gé e dànù, wọ́n sì fi igi ìṣáná há ìhòòhò wáyà mọ́ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo ní iná á gbé wọn. Wọ́n ní, "Pásítọ̀ ti da òróró sí i. Ṣé ìwé Poli lo fẹ́ fi bá Ẹ̀mí Mímọ́ jà?"

Inú mọ́tò ni òróró náà wọ̀. Ó ti ń rùn bí àkàrà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ni Bàbá ń sùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe Màmá lónìí. Ẹni tó ra fáànù ni wọn yóò gbọ́ tirẹ̀. Olúwa á ṣọ́ ilé yín. Kó bá wa di igi ìṣáná yẹn mú títí ẹ ó fi pè.

Àbúrò yín,
Ìmọ́lẹ̀ayọ̀