Ọkọ̀ Òkun Tí Kò Ní Yà Lọ́dọ̀ Bàbá Wa

Gbádérọ̀ àbúrò mi,

Mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Orúnkún Màámi ti fúyẹ́. Wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn dé àdúgbò Challenge báyìí.

O ní ilé-iṣẹ́ tó ni ín ti pààrọ̀ ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́ tí o sanwó rẹ̀ fún èmi àti Màámi, pé tuntun yìí ò ní yà ní èbúté Las Palmas mọ́, ṣùgbọ́n ó ní ibi ìlúwẹ̀ẹ́ mẹ́ta. Ṣé inú ibi ìlúwẹ̀ẹ́ ni wọ́n sin bàbá wa sí ni? Màámi ti rán àpò tí wọn yóò fi bu yẹ̀pẹ̀ ojú oórì bàbá wa wálé. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí o ti mọ̀ pé wọ́n pààrọ̀ ọkọ̀, o ò sọ fún wa.

Gba owó náà padà, kí o wọ bààlúù lọ bu yẹ̀pẹ̀ náà wá fúnra rẹ.

Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ gbàgbé ibi tí wọ́n bá sin ọ́ sí.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ,
Fẹ̀hìntọlá