Ọrùn Adìyẹ Tútù fún Baálé

Ọjọ́ Ajé, 15 oṣù kẹrin
Dókítà ẹranko bá ọkọ̀ ojú omi dé erékùṣù wa láti ìlú Kavala lódìkejì òkun. Ó la ẹnu Baálé ológbò wa – òórùn lé èmi gan-an sẹ́yìn. Èrìgì wú, ó pọ́n, ìdọ̀tí gan mọ́ ehín bí síméǹtì. Ó ní òun ò lè fún un ní oògùn oorun kí òun yọ ehín náà, ọkàn rẹ̀ ò lágbára mọ́, kò ní jí. Ohun kan ló kù: ọrùn adìyẹ tútù, kó máa fi ehín rún un, kí ìdọ̀tí lè máa ṣí. Ó wá na ìka sí mi: "Tútù o! Má sè é láéláé. Egungun tá a bá sè máa ń fọ́ ṣóńṣó bí ìgò."

Ológbò Anestis ọkọ mi ni. Látìgbà tí òkun ti gbé Anestis lọ ní oṣù kọkànlá, orí sálúbàtà rẹ̀ ló ń sùn, ni mo ṣe sọ ọ́ ní Baálé. Tí èyí náà bá lọ, ta ni mo fẹ́ máa bá gbélé?

Ọjọ́rú, 17
Bíṣọ́ọ̀bù – Màmá Evdokia, ìyá ọkọ mi – gbóòórùn ẹ̀jẹ̀ láti ìta. Ẹran nínú Ààwẹ̀ Lẹ́ńtì! "Ìyàwó, èmi tí mi ò fi ẹyin kan ẹnu, o wá ń da ẹ̀jẹ̀ sílé mi?" Mo ní ológbò ni, Màmá, kì í ṣe Kìrìsìtẹ́nì. Ó ní ilé òun ni Kìrìsìtẹ́nì.
Mi ò ṣàlàyé ohun tí dókítà sọ. Ta ló ń ṣàlàyé fún Bíṣọ́ọ̀bù? Mo kó ọrùn adìyẹ mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé, sínú ahéré tí àwọ̀n ìpẹja Anestis wà.

Ọjọ́bọ̀, 18
Kò jẹ ẹ́.

Àìkú, 21
Ó lá a. Ó gbé e sẹ́nu, ó já a sílẹ̀, ó ké. Èmi náà ké. Àgbàlagbà bíi tèmi, níwájú ológbò.

Ìṣẹ́gun, 23
Sarantis alápatà pariwo dé èbúté: "Ìyàwó ilé Màmá Evdokia tún wá ra ẹran nínú Ààwẹ̀ o! Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì ti lé ẹ ni, àbí o lóyún?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi opó. Ó rí ojú mi, ojú tì í, ó fi ẹran kún ọrùn adìyẹ tí mo wá rà, kò gba kọ́bọ̀.

Àbámẹ́ta, 27
Ó RÚN UN! Apá ọ̀tún nìkan – ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan – kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀. Èrìgì ti ń rọ̀. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ sókè.

Ọjọ́rú, 1 oṣù karùn-ún
Bíṣọ́ọ̀bù yọjú sí ahéré. Kò bú mi. Ó wo Baálé títí. Ó ní bó ṣe ń tẹ orí jẹun yẹn, Anestis náà ni. Ó bá tirẹ̀ lọ.
Àìkú tó ń bọ̀ ni Àjíǹde, ọjọ́ orúkọ ọmọ rẹ̀; àjíǹde ni Anestis túmọ̀ sí, ọjọ́ náà la máa ń kí i kú ọdún orúkọ rẹ̀. Ta la fẹ́ kí lọ́dún yìí?

Ẹtì Rere, 3
Mo tẹ̀ lé àwọn ará ìjọ tó gbé pósí olódòdó tó dúró fún ibojì Olúwa yí ìlú ká. Bíṣọ́ọ̀bù ní ẹsẹ̀ ń dun òun, òun á dúró sílé. Bíṣọ́ọ̀bù! Lọ́jọ́ òní!
Mo padà dé, òórùn adìyẹ sísè gba gbogbo ilé. Abọ́ Anestis nílẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ojú ń tì í bí ọmọdé. "Mo sè é fún un, ó rọ̀ dẹ̀ẹ̀. Ta ló ń fún aláìsàn ní ẹran tútù? Ọlọ́run á dárí jì mí."
Abọ́ ti ṣófo. Ọrùn àtegungun.

Àbámẹ́ta, 4
Baálé ń bì, ẹ̀jẹ̀ ni. Ikùn le bí igi. Ìjì ń jà, ọkọ̀ ojú omi kankan ò dé. Dókítà lórí fóònù: egungun ti gún un nífun. Ó bi mí pé ta ló sè é. Mo ní èmi ni.
Ọlọ́run, gbà mí.

Àìkú Àjíǹde, 5
Baálé kú láàárọ̀ yìí, lórí sálúbàtà Anestis. Mo la ẹnu rẹ̀ wò. Èrìgì rẹ̀ mọ́ bíi ti ọmọ ológbò.
Bíṣọ́ọ̀bù gbé ẹyin Àjíǹde tí a kùn ní pupa wọlé, ó rí wa, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó bi mí pé ṣé oúnjẹ òun ni. Mo ní rárá, Màmá, ehín ló pa á.
Ó di ọwọ́ mi mú. "Ó yó kó tó lọ, àbí?"
Mo ní ó yó, Màmá. Ó lá abọ́ mọ́.