Agbọ̀n Obì Méjìlá àti Orúkọ Bàbá Rahinat

                                        Ojúlé Kẹtàdínlógún,
                                        Òpópónà Yorùbá,
                                        Sábọ́n Gàrí, Kano.
                                        Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 1959.

Bàdírù, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Kí n tó kí ọ rárá, ọ̀ràn ńlá kan wà tí kò yẹ kí o kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu ará ìta. Fi ara balẹ̀, wá àga jókòó. Ológbò wa ti kó kúrò nílé. Kò fún wa ní ìwé ìkìlọ̀ kankan, kò sì dágbére fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn gba orí ògiri kọjá sọ́dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Obadiah, akọ̀wé rélùwéè tó ń gbé lẹ́yìnkùlé wa, ó sì ń jẹ ẹja níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀.

Wàyí o, ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ẹ̀fọ́rí rẹ ti lọ? Bàbá àgbà yín tí ẹ jọ ń gbé ní Kumasi ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ ṣì ń dùn wọ́n? Níhìn-ín, ọyẹ́ ti dé, ètè gbogbo wa ti ya. A dúpẹ́ pé ẹ̀mí wà.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ológbò kọ́ ni ò ń retí. Ó di ọ̀sẹ̀ méje tí o ti ń wá ìròyìn agbọ̀n obì gbànja méjìlá tí o fi lé ìyá mi lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wá sí Kumasi láti wo ilé ọkọ tí Rahinat, àbúrò mi, yóò wọ̀. Ìdí tí ológbò fi lọ ni pé kò sí eku mọ́ nínú yàrá obì Bàbá. Ìdí tí eku fi lọ ni pé kò sí obì.

Nígbà tí èmi àti ìwọ ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì yìí, owó kan náà ni gbogbo wa ń ná láti Kano títí dé Kumasi. Ká ní bẹ́ẹ̀ ló ṣì rí ni, o kàn máa fi owó ìyàwó rẹ ránṣẹ́ ní póòsì ni, èmi á sì ti jẹ ìrẹsì ìgbéyàwó tán. Ṣùgbọ́n Gáńà yọ ara rẹ̀ kúrò nínú owó àjọná, ó tẹ tirẹ̀. Ní oṣù keje tó kọjá, àwa náà tẹ tiwa. Owó tí o fi ọdún méjì kó jọ kò lè ra búrẹ́dì ẹyọ kan ní Sábọ́n Gàrí. Bí o ṣe fi í ra obì nìyẹn, kí Bàbá lè tà á níhìn-ín fún ètò ìyàwó. Ọgbọ́n gidi ni. Mo yìn ọ́ nígbà náà, mo ṣì ń yìn ọ́.

Ìyá mi àti obì náà gúnlẹ̀ sí èbúté. Ọ̀dọ́mọkùnrin aṣọ́bodè kan tó wọ ṣòkòtò péńpé funfun sọ pé Gáńà ti di ìlú mìíràn, ẹrù ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ní orúkọ ẹni tí yóò gbà á.

Ìyá mi ní, "Ti Bàbá Rahinat ni."

Ó ní, "Màmá, orúkọ wọn gan-an."

Ìyá mi ní, "Olówó orí mi ni mò ń wí yẹn."

Ó ní, "Màmá, orúkọ!"

Ìyá mi ní, "Ọmọ mi, ìwọ náà ní ìyá nílé. Ṣé wọ́n ń pe bàbá rẹ lórúkọ ni?"

Ọmọkùnrin náà rò ó títí, ó rí i pé ìyá òun kì í pè é. Ó kọ "Bàbá Rahinat" sínú ìwé, ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, ó ti obì náà mọ́ inú ṣẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń kó ẹrù sí, títí Bàbá Rahinat yóò fi wá gbà á.

Wáyà ni wọ́n fi pè wá. Èmi àti Bàbá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ. Bàbá mú ìwé owó-orí wọn dání, Mùnírù Oyèwùmí sì ni wọ́n kọ sí i. Ọ̀gá ibẹ̀ ní òun kò rí Bàbá Rahinat kankan nínú ìwé náà. Ó ní bí ìyàwó bá lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé Mùnírù Oyèwùmí ni Bàbá Rahinat, ọ̀rọ̀ parí. Gbogbo wa wo ìyá mi. Ìyá mi wolẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti wà nílé ọkọ, orúkọ yẹn kò tíì ti ẹnu wọn jáde rí. Mùnírù tó ń ta kẹrosínì ládùúgbò wa pàápàá, "Ajórúkọ-bàbá-yín" ni wọ́n ń pè é.

Ìwọ tó di obì náà mọ̀ pé bí a kò bá tú u, kí a pààrọ̀ ewé rẹ̀, kí a sì wọ́n omi sí i, kò ní fara dà á. Ọjọ́ mọ́kànlá ni a fi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn. Mo fi gbogbo ìmọ̀ tí mo kó ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ẹ̀rọ Yábàá ya àwòrán ṣẹ́ẹ̀dì náà, mo fi ibi tí atẹ́gùn lè gbà wọlé hàn wọ́n. Wọ́n yìn mí, wọ́n fi í sínú fáìlì.

Ní ọjọ́ kejìlá, òórùn gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde. Ìyá mi dìde, wọ́n fi gèlè bo ojú, wọ́n kígbe pé, "Mùnírù Oyèwùmí ni! Mùnírù Oyèwùmí ni!" Bàdírù, n kò rí omi lójú bàbá mi rí. Ọjọ́ náà ni mo rí i. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn. Agbọ̀n mọ́kànlá ti jẹrà pátápátá. Nínú ìkejìlá, a ṣa obì mẹ́tàdínlógún tó dára.

Nínú ọkọ̀, títí a fi dé Kano, ìyá mi jókòó sí igun kan, Bàbá jókòó sí igun kejì. Kì í ṣe ìjà. Ó dà bíi pé àlejò kan jókòó sáàárín wọn.

Nígbà tí a délé, Bàbá pè wá jọ. Wọ́n ní àwọn kò bínú sí ọ, ọmọ dáadáa ni ọ́. Wọ́n ní, "Ṣùgbọ́n n kò ní fi ọmọ mi fún ibi tí yóò ti di dandan kó máa pe orúkọ ọkọ rẹ̀ níwájú àwọn aláṣẹ kó tó lè wá wo ìyá rẹ̀."

Rahinat ní, "Bàbá, èmi á pè é. Bàdírù. Bàdírù. Ṣé ẹ gbọ́?"

Ìyá mi fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ọwọ́ yẹn ló dùn mí jù.

Mo ti bẹ Bàbá. Mo ti rán Imáámù sí wọn. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín wa lẹ́nu. Àwọn oníbàárà ṣì ń wá láti ọjà Kantin Kwari, wọn á béèrè pé obì dà, "Ina goro?" Bàbá á na ọwọ́ sí yàrá òfìfo, kí wọ́n fi ojú ara wọn wá obì náà. Obì mẹ́tàdínlógún yẹn wà lọ́wọ́ Rahinat. Àràárọ̀ ló ń pààrọ̀ ewé wọn, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n. Wọ́n ní lọ́dún tó ń bọ̀ àwa náà yóò gba òmìnira. Ìyá mi ní ó dára, kí wọ́n ṣáà tètè sọ iye orúkọ tí òun yóò tún pè.

Bá mi kí bàbá àgbà yín àti gbogbo ará Yorùbá tó wà lọ́dọ̀ yín. Ìyá mi ní kí n kí ọ. Rahinat kò ní kí n kí ọ. Ó gba kálàmù lọ́wọ́ mi, ó mú un dání pẹ́, ó sì dá a padà.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ì bá ti di àna rẹ,
Ṣàràfá Oyèwùmí.

Àkíyèsí: Ìwé yìí dé láti èbúté láàárọ̀ yìí, kí n tó lẹ àpò lẹ́tà. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ọ bó ṣe wà:

"Sí Ọ̀gbẹ́ni Bàbá Rahinat. A fi ìwé yìí sọ fún yín pé, lẹ́yìn àyẹ̀wò tó jinlẹ̀, obì kò sí lára àwọn ẹrù tí a gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ẹni tí yóò gbà á sí. Nítorí náà, kò sí ìdí fún ìdádúró kankan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá kó agbọ̀n méjìlá yín láàárín ọjọ́ méje, kí wọ́n má baà bàjẹ́."