Ìbò Méje Tó Sá Lọ

Ọmọ mi àtàtà,

Jọ̀wọ́ má bínú pé mo dá lẹ́tà kọ sí ẹ. Mo mọ̀ pé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbàlagbà lásán ni mí, ìwọ sì ti kàwé débi pé ìwé ló ń bẹ̀rù ẹ, kò yẹ kí irú mi máa kọ̀wé sí irú ẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ tí mo tún fi rọ́bà pa á rẹ́, títí bébà fi lu níbì kan, ibẹ̀ ni mo fi sẹlotéèpù lẹ̀ yẹn, má rò pé eku ló jẹ ẹ́. Tó o bá rí àmì ohùn tó jókòó síbi tí kò yẹ, bá mi gbé e sípò rẹ̀, má sọ fún tíṣà mi. Ǹ bá pè ẹ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti gbé fóònù nínú ilé yìí, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ kí ohùn jáde síta, gbogbo ilé á sì yí i ká bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn rédíò, ọ̀rọ̀ tí mo sì ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ rédíò.

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé yàrá yẹn ò gbóná jù? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ yọ̀ lórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì yín, ọ̀gá ẹ á máa rí iṣẹ́ ẹ kó tó rí àṣìṣe ẹ, oúnjẹ tó o bá jẹ á ṣe ẹ́ lóore. Gbogbo wa wà níhìn-ín. Ìyá àgbà wà, etí rẹ̀ ò gbọ́ dáadáa àyàfi tí ọ̀rọ̀ bá kàn án. Òrùlé ilé ìdáná jò, wọ́n tún un ṣe, ó ti ń jò níbòmíràn. Bàbá rẹ wà, orúnkún rẹ̀ ti ń ká, ọ̀rọ̀ orúnkún náà sì ń bọ̀ níwájú.

Ọ̀rọ̀ ìdìbò tó o wọ bọ́ọ̀sì wálé fún ni mo fẹ́ sọ, nítorí o ti padà sí ìlú ńlá kí wọ́n tó kà á tán. O mọ̀ pé káńsílọ̀ wa, ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú alákàbà, ló rí iṣẹ́ sí òkè òkun tó fi ipò sílẹ̀, tí wọ́n fi ní ká dìbò yan ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀. Ọkọ mi télọ̀, àbúrò bàbá rẹ, tún jáde fún ẹgbẹ́ alágogo bó ṣe jáde lọ́jọ́sí, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn sì jáde fún alákàbà. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, níbi tiwa níwájú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, ọgọ́rin èèyàn ló dìbò, agogo ní àádọ́ta, àkàbà ní ọgbọ̀n. Lọ́tẹ̀ yìí àwọn ọgọ́rin yẹn náà ló tún wá, kò sẹ́ni tó kú, kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé, ṣùgbọ́n agogo ní mẹ́tàlélógójì, àkàbà ní mẹ́tàdínlógójì. Nígbà tí wọ́n ro gbogbo wọ́ọ̀dù pọ̀, ìbò mẹ́tàlá péré ni nọ́ọ̀sì fi na ọkọ mi.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, bàbá rẹ pe gbogbo ilé sí pálọ̀. Télọ̀ jókòó sí kọ̀rọ̀, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Bàbá rẹ gbá tábìlì, ó ní èèyàn méje ló sá kúrò lẹ́yìn àbúrò òun, pé òun máa mọ̀ wọ́n lójú, òun máa mọ̀ wọ́n lẹ́nu, wọn ò sì ní jẹun nílé òun mọ́. Ó wá yíjú sí mi. Ó ní Ìyá Sùkúù, àtọdún tó kọjá lo ti ń gbé báàgì lọ tó ò ń gbé báàgì bọ̀, iṣẹ́ ìwé ti dé wàyí o. Ó ní kí n gba bébà èsì ìbò, kí n ṣírò rẹ̀, kí n sì kó àwọn méje náà jáde tó bá di Sátidé. Tí mo bá rí wọn, kí n máa lọ sí kíláàsì kejì. Tí mi ò bá rí wọn, kí n gbé báàgì kọ́ sára ìṣó, kí n padà sídìí ọṣẹ tí mò ń tà. Mo kúnlẹ̀, mo ní mo gbọ́. Ọmọ mi, oṣù méjì péré ló kù kí n kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé ìbéèrè fún iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ mi ò wá iṣẹ́ kankan, mo kàn fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni.

Má fi mí rẹ́rìn-ín, mo gbà gan-an pé ìṣirò lè dárúkọ èèyàn. Tíṣà wa ló sọ ní kíláàsì pé nọ́ńbà kì í purọ́, mo sì rò pé ohun tí kì í purọ́, téèyàn bá bi í dáadáa, ó yẹ kó sọ orúkọ. Mo jókòó tì í. Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí nìyí: ẹnì kan tó bá kúrò lẹ́yìn agogo lọ sẹ́yìn àkàbà, ó dín ọ̀kan kù níhìn-ín, ó tún fi ọ̀kan kún un lọ́hùn-ún, ìyẹn di méjì. Méje lọ́nà méjì jẹ́ mẹ́rìnlá. Mẹ́tàlá sì ni nọ́ọ̀sì fi borí. Tí àwọn méje yẹn bá jókòó jẹ́ẹ́, ọkọ mi télọ̀ ì bá fi ìbò kan ṣoṣo wọlé. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin bóyá mo ti ṣì í, kò yí padà.

Jókòó kó o tó ka èyí tó kàn. Mo wà lára wọn.

Kì í ṣe pé mo kórìíra ọkọ mi télọ̀. Ìwé ìpolongo àwọn méjèèjì ni tíṣà pín fún wa ní kíláàsì ká fi kọ́ kíkà. Ti agogo, mo kà á tán, ọ̀rọ̀ títì ló kún inú rẹ̀. Ti àkàbà, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun á fi òrùlé tuntun bo kíláàsì àwọn àgbà, pé òun á sì fi iná sí i. Láyé mi, ibi tí wọ́n bá ní kí n tẹ̀ ni mo máa ń tẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí èmi fúnra mi ka ohun tí mò ń dìbò fún, ọwọ́ mi bá lọ síbi tí ojú mi ti kàwé. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti lè wo ojú télọ̀, ẹni tó rán báàgì sùkúù fún mi lọ́fẹ̀ẹ́.

Àṣé kì í ṣe èmi nìkan lẹ̀rù ń bà. Láàárọ̀ Mọ́ńdè ni ìyá àgbà wá bá mi ní ilé ìdáná. Ó kọ́kọ́ yin ọbẹ̀ mi, ni àyà mi bá já. Ó bi mí bóyá ìṣirò ti dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbàlagbà, mo ní kò tíì débẹ̀. Ó ní tó bá débẹ̀, kí n jọ̀ọ́ fo òun. Ó ní ọmọ òun ni télọ̀, òun fẹ́ràn rẹ̀ dénú, òun kàn ò fẹ́ kó wọlé ni, nítorí tó bá di káńsílọ̀, ta ni yóò máa wa ẹ̀rọ ìránṣọ lójú ọ̀sán kí òun tó lè sùn? Mi ò tíì fọ ìkòkò tán tí ìyàwó télọ̀ fi wọlé pẹ̀lú ọṣẹ ìfọṣọ méjì, ẹ̀bùn fún èmi tí mò ń tọṣẹ. Ó ní nígbà tí ọkọ òun kọ́kọ́ fìdí rẹmi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àwọn èèyàn fi wá ń bá wọn kẹ́dùn, wọ́n mu tíì tán, wọ́n jókòó títí àga fi ya, tó bá wá wọlé ńkọ́, ìgbà wo ni wọ́n máa lọ sílé wọn? Àwọn ìyàwó ilé méjì tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn jọ wá ni, ọ̀kan ń ti ọ̀kan síwájú, kálukú wọn ní òun rò pé òun nìkan ni. Káfíńtà ní bẹ́ǹṣì mẹ́fà ni télọ̀ yá lọ síbi ìpolongo, mẹ́rin ló padà, ọ̀kan nínú mẹ́rin náà ò sì lẹ́sẹ̀ mọ́. Onígbàjámọ̀ ní tòun kì í ṣe ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì, pé àwòrán télọ̀ tí wọ́n lẹ̀ kiri ara ògiri, irun orí rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ òun, gbogbo ìgbà tí òun bá sì ń kọjá ni irun náà ń bú òun. Oníbúrẹ́dì bẹ̀ mí kí n má jẹ́ kí ọkọ òun gbọ́, ọkọ rẹ̀ wá lẹ́yìn wákàtí kan, ó bẹ̀ mí kí n má jẹ́ kí ìyàwó òun gbọ́. Gbogbo wọn ni wọ́n ń wo bébà ọwọ́ mi bí ẹni pé ó lójú.

Ní Wẹ́sìdeè, òkìkí ìṣirò mi ti dé ilé nọ́ọ̀sì. Ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ yọ́ wá bá mi nídìí ọṣẹ, ó ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ rà. Ó ní agogo lòun dìbò fún, pé òun ò fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní ọkọ káńsílọ̀ títí láé. Ẹ̀gbọ́n nọ́ọ̀sì àti ìyàwó rẹ̀ wá, wọ́n ní bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nípàdé ẹbí yìí ná, kò tíì wọlé ni o. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ilé ìwòsàn wá, omi wà lójú rẹ̀, ó ní tí nọ́ọ̀sì bá lọ, wọ́n á mú ẹni tó máa ń tètè débi iṣẹ́ wá.

Ní Tọ́sìdeè mo gbé gbogbo rẹ̀ tọ tíṣà lọ, láì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Tíṣà ní a lè sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, mẹ́jọ àti díẹ̀ ló yí padà. Mo ní ọgọ́rin la jẹ́, níbo ni wọ́n ti rí ogún tó kù, ta sì ni díẹ̀ yẹn, ṣé ẹnì kan fi ẹsẹ̀ kan lọ ni? Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó wá ní ìbò kì í lórúkọ, pé nọ́ńbà mọ iye, kò mọ ojú. Ọmọ mi, ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Gbogbo ohun tí àwọn èèyàn ti jẹ́wọ́ fún mi, ìṣirò ò lè mọ ìkankan nínú rẹ̀ láéláé.

Mo fẹ́ sọ fún wọn. Ìtìjú ò jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló di Fúráìdeè, bàbá rẹ wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó ṣí i wo ìta, ó tún tì í. Ó bi mí bóyá ohùn ni ìṣirò fi ń mọ èèyàn tàbí ojú. Kí n tó dáhùn, ó ní kì í ṣe òun, orúnkún òun ni. Ó ní odindi ọdún méjì ni kò fi lè ká, nọ́ọ̀sì ló wò ó sàn, bí òun ṣe dé ibi ìdìbò ni orúnkún náà dìbò, òun kàn bá a tẹ̀ka ni. Ẹni tó gbá tábìlì! Inú mi ni mo ti sọ ìyẹn o. Mi ò sọ tèmi fún un.

Ní Sátidé, pálọ̀ kún. Mo gba agolo bọ́tìnnì lọ́wọ́ télọ̀, mo to pupa àádọ́ta àti funfun ọgbọ̀n sórí tábìlì. Méjì já bọ́, mo ṣà wọ́n padà. Mo ní ẹ wò ó, tí méje bá lọ tí ẹnikẹ́ni ò wá, méje ni. Tí ogún bá lọ tí mẹ́tàlá sì wá, méje náà ni. Àwọn tó bá pàdé lọ́nà, bébà ò rí wọn, ohun tó ṣẹ́ kù nìkan ló rí. Nítorí náà kò sí ìṣirò tó lè mọ̀ wọ́n. Mo gbọ́ bí gbogbo pálọ̀ ṣe mí kanlẹ̀. Bàbá rẹ dìde kíá, ó ní obìnrin yìí ti gbìyànjú, kíláàsì kejì ló ń lọ. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́, ti ìyá àgbà ló le jù, etí rẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀ pátá. Télọ̀ nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó ń wo bọ́tìnnì. Ó ní ṣé pé àwọn kan lè ti ilé nọ́ọ̀sì wá sọ́dọ̀ òun? Mo ní ó ṣeé ṣe. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìdìbò. Láti ìgbà náà ló ti ń kí gbogbo ará ilé nọ́ọ̀sì tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó ti padà sídìí ẹ̀rọ, ìyá àgbà sì ti ń sùn.

Mo ti wọlé sí kíláàsì kejì, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá ọpọlọ mi ló gbé mi wọlé tàbí ẹ̀rù àwọn èèyàn. Wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù. Ó béèrè orúkọ òbí tàbí alágbàtọ́, tìẹ ni mo kọ, nítorí ìwọ lò ń ra ìwé fún mi. Tí wọ́n bá pè ẹ́ sípàdé àwọn òbí, jọ̀wọ́ wá, mi ò ní ṣe ìjọ̀ngbọ̀n. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún gíláàsì ojú àti ìwé ìkọ̀wé mẹ́rin, àti bẹ́ǹṣì méjì káfíńtà, èyí tí ọkàn mi ò lè gbé mọ́. Ọlọ́run á mú kí ilẹ̀kùn tó o bá kàn ṣí kí ọwọ́ tó dùn ẹ́, ọjọ́ alẹ́ rẹ á dára ju àárọ̀ lọ.

Ó ku ohun kan. Láàárọ̀ òní, mo tún ìṣirò náà ṣe fún ara mi. Àwọn tó kúrò lẹ́yìn agogo tí mo mọ̀, pẹ̀lú èmi àti orúnkún bàbá rẹ, jẹ́ mẹ́wàá. Àwọn tó wá láti ilé nọ́ọ̀sì jẹ́ mẹ́rin. Mẹ́wàá yọ mẹ́rin, mẹ́fà. Bébà ní méje. Mo rò pé ìyọkúrò mi ni kò dára, mo ṣe é títí. Ó ku ẹnì kan tí kò wá bá mi jẹ́wọ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, mo sì rántí pé, yàtọ̀ sí télọ̀ fúnra rẹ̀, gbogbo ẹni tó wà nílé ló ti wá. Mo rántí ẹnì kan tó dé fìlà alágogo sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, tó dì mọ́ télọ̀ lójú gbogbo ayé, tó sì ti padà sí ìlú ńlá kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Mi ò bi ẹ́ léèrè o. Tí ìyọkúrò mi bá tọ̀nà, fi bírò pupa fa máàkì kan sórí bébà òfìfo, bíi ti tíṣà, kó o fi ránṣẹ́. Má kọ ohunkóhun sí i. Kó o sì fi lẹ́tà yìí pamọ́ síbi tójú ẹnikẹ́ni ò ní tó o, èmi náà á fi bébà tìẹ pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí mi, nítorí ilé kan náà ni àwa méjèèjì ṣì ń jẹun.

Èmi ni,
ìyá rẹ, ọmọ kíláàsì kejì.