Ìrẹsì Rírọ̀ Tí Bàbá Ń Jẹ ní Rosemead

Màmá Àgbà mi ọ̀wọ́n,

Ara Bàbá le koko, ó ti sanra bí erin! Fóònù rẹ̀ ló bàjẹ́ tí kò fi pè yín, kì í ṣe ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Gbogbo búkà Ṣáínà tó wà ní ìlú Rosemead yìí la ti jẹ kárí, wọ́n á tó ẹgbẹ̀rún kan. Ìrẹsì tí wọ́n sè títí tó fi dà bí ògì nìkan ló ń bèèrè. Ó ní ó jọ tiyín.

Lánàá, ọkọ Àǹtí Kuen tó ni búkà bu wọ́ntọ̀n kan, ẹran tí wọ́n fi ìyẹ̀fun wé, sí abọ́ Bàbá. Àǹtí figbe ta: "Ọkùnrin yìí, ṣé o fẹ́ bá mi pa oníbàárà ni?"

Ọkọ rẹ̀ ní: "Títí dìgbà wo ni á máa mu omi ìrẹsì? Jẹ́ ó dán an wò!"

Bàbá rún un lẹ́nu títí. Gbogbo búkà ń wò ó. Nígbà tó gbé e mì tí kò há a lọ́fun, ariwo sọ! Àǹtí ń fi etí aṣọ nu ojú. Ó ní èéfín ni.

Ẹ bá mi kí Ìyá Lau aládùúgbò, àti àwọn pẹ́pẹ́yẹ yín.

Èmi ọmọ-ọmọ yín tí kì í parọ́,
Kin-Lok