Ọwọ́ Rahmatullah àti Irú Tó Bàjẹ́

Ummu-Salamah ọmọ mi,

Asàlámù aléékúmù. Ṣé dáadáa ni o wà ní Ìbàdàn? Ṣé ohùn rẹ kò há, pẹ̀lú ariwo àwọn ọmọ tí ò ń kọ́ ní sáyẹ́ǹsì? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o ṣiṣẹ́ àṣedànù lórí ọmọ ọlọ́mọ. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà ní Fìdítì níbí. Sofiyullah ẹ̀gbọ́n rẹ wà dáadáa, ọ̀kadà rẹ̀ náà wà dáadáa, ewúrẹ́ dúdú yẹn ti bí ìbejì, ọ̀kan nínú wọn ló kọ̀ tí kò fẹ́ mu ọmú.

O ní kí n kọ ọ̀rọ̀ irú yìí sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kí o lè kà á sétí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ, o sì ní n kò gbọdọ̀ fo ibi tí mo ti ṣìṣe. Ó yà mí lẹ́nu pé ìjọba ń sanwó fún ọ kí o máa ka àṣìṣe ìyá rẹ fún ọmọ ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n mo ti gbà.

Kí àwọn ọmọ náà lè mọ̀, irú ni mò ń ṣe tà láti ìgbà tí mo ti wọ ilé bàbá rẹ. A ó se hóró rẹ̀ títí yóò fi rọ̀, a ó bó èèpo rẹ̀, a ó fọ̀ ọ́, a ó tún un sè, a ó wá dà á sínú agbọ̀n, a ó fi ewé bò ó fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí ó bá ṣe dáadáa yóò dúdú díẹ̀, yóò máa fà, òórùn rẹ̀ yóò sì ti dé ìta kí a tó ṣí i. Àmọ́ láti ìgbà tí Sofiyullah ti gbé Rahmatullah wọlé lẹ́yìn Iléyá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe irú, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló funfun, tó le, tí kò rùn rárá. Àṣàbí ará ilé kejì wa, tó ti ń ra irú lọ́wọ́ mi kí n tó bí ọ, dá tirẹ̀ padà, ó ní òun kò mọ̀ pé ẹ̀wà ni mò ń tà báyìí.

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, ohun tuntun kan ṣoṣo tí mo rí nínú ilé ni ìyàwó, òun ló sì ń bá mi fọ irú. Mo ní ọwọ́ rẹ̀ kò sunwọ̀n. Mo ránṣẹ́ sí àwọn òbí rẹ̀ ní Ìlọrà pé kí wọ́n wá mú un ní Jímọ̀ tó máa kẹ́yìn oṣù yìí, kí ó lọ gbé oyún rẹ̀ sọ́dọ̀ wọn títí yóò fi bí i. Sofiyullah bẹ̀ mí títí, n kò gbà.

Ìgbà tí o pè mí tí o bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ni, inú bí mi. Ní ayé tiwa ọmọ kì í bi ìyá rẹ̀ pé báwo ló ṣe mọ̀. O ní ohun tí ò ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ nìyẹn, pé bí nǹkan méjì bá jọ ṣẹlẹ̀, kò túmọ̀ sí pé ọ̀kan ló fa èkejì. O ní gbogbo ìgbà tí mo bá fọ aṣọ ni òjò ń rọ̀, ṣé èmi ni mò ń pe òjò ni? Mo ní ó ti pẹ́ tí mo ti fura sí ara mi, òun ló fi jẹ́ pé mo máa ń fọ aṣọ bí àgbàdo Àṣàbí bá ti ń gbẹ lóko.

O wá ní kí a dán an wò, kí èmi nìkan fọwọ́ kan agbọ̀n kan, kí Rahmatullah nìkan fọwọ́ kan èkejì, kí gbogbo nǹkan yòókù dọ́gba. A ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta a ṣí wọn, méjèèjì bàjẹ́. Mo ní ṣé o rí i bí ọwọ́ ọmọ náà ṣe lágbára tó, ó ti fò láti inú agbọ̀n tirẹ̀ bọ́ sínú tèmi! O ní kí n fi hàn ọ́ lórí fóònù. Mo gbé fóònù náà sínú agbọ̀n kí o lè gbóòórùn rẹ̀ pẹ̀lú, o ní fóònù kì í gbé òórùn. Títí di òní n kò tíì lóye rẹ̀. Ó ń gbé ojú odidi ènìyàn láti Ìbàdàn wá sí Fìdítì, òórùn tí kò wúwo rárá ló wá ń sú u.

O bi mí pé yàtọ̀ sí Rahmatullah, kí ló tún yí padà nínú ilé lọ́jọ́ tó wọlé. Mo ní kò sí o, àfi ẹrù ìyàwó lásán, kọ́bọ́ọ̀dù abọ́ rẹ̀ tí yàrá wọn kò gbà, tí mo ní kí wọ́n gbé sí kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ààrò, tí mo fi kó agbọ̀n irú mi kúrò níbẹ̀ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. O pariwo débi tí mo fi gbé fóònù jìnnà sí etí.

A tún un dán wò. Inú ìkòkò kan náà la ti bu irú, Rahmatullah ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe méjèèjì. A sún kọ́bọ́ọ̀dù, agbọ̀n kan padà sí ẹ̀yìn ààrò, èkejì dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. O fi ìwé tí o ya àpótí àpótí sí rán awakọ̀ sí wa, pé kí a máa kọ ohun tí a bá rí láràárọ̀. Àpótí tí a kò rí nǹkan kọ sí, mo ní kí a kọ Alhamdulillahi sí i, torí kò dára kí a dá ìwé ènìyàn padà ní òfìfo. O sì kìlọ̀ fún mi gidigidi pé n kò gbọdọ̀ ṣe ohunkóhun fún agbọ̀n ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ibí ni mo ti ṣìṣe. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí mo kírun àsárì tán, mo rí agbọ̀n náà níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ẹ, kò sí ẹni tó bojú wò ó, èkejì rẹ̀ wà nídìí iná bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ fẹ́ràn. Èmi tí mo tọ́ ọmọ méje, n kò lè ṣe ojúsàájú. Mo da eérú gbígbóná sínú àwo irin, mo gbé agbọ̀n náà lé e, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má sọ fún ọ.

Lọ́jọ́ kẹta, méjèèjì dára. Òórùn wọn ló pe Àṣàbí wá, a kò ránṣẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí, mo mọ̀ pé mo ti ba iṣẹ́ rẹ jẹ́. Mo kọ́kọ́ fẹ́ kí a kọ ọ́ sínú ìwé pé ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàjẹ́, kí ó lè bá ohun tí ò ń retí mu. N kò lè purọ́ fún ọ, mo pè ọ́, mo jẹ́wọ́. O rẹ́rìn-ín títí, o ní àánú mi ti dán nǹkan mìíràn wò láìmọ̀. O ní agbọ̀n Rahmatullah tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìsí ooru nígbà àkọ́kọ́ bàjẹ́, èyí tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà tó rí ooru dára, ọwọ́ Rahmatullah sì wà nínú méjèèjì. Ooru ni irú ń wá. Èmi tí mo gbé e kúrò nídìí ààrò ni mo bà á jẹ́.

Mo lọ bá Rahmatullah ní yàrá, ó ń di ẹrù rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò sí nǹkan, Màmá. Mo ní nǹkan wà. Ó wá sọ fún mi pé láti ọjọ́ tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn ni òun náà ti gbà á gbọ́, pé òun kì í fọwọ́ kan ikùn òun mọ́, bí òun bá fẹ́ sùn òun máa ń ki ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìrọ̀rí, kí ohun tó ṣe irú má baà ṣe ọmọ. Ummu-Salamah, mo jókòó tì í. Mo mú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, mo gbé wọn lé ikùn rẹ̀, mo fi tèmi lé e lórí. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọlẹ̀ tó sọ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ.

Ohun tí mo fẹ́ tọrọ ni pé kí o fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí Jímọ̀ yẹn tó dé. Èmi fúnra mi ni n ó lọ bẹ àwọn àna wa ní Ìlọrà, n kò sì fẹ́ dé ibẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Irú wà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ ra aṣọ kan fún ìyá Rahmatullah. Ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin oní-POS ni kí o fi sí, torí ẹ̀rọ tó ń pọ owó lára ògiri báńkì yẹn, mo kí i títí, kò dáhùn.

Rahmatullah ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Nígbà tí a dé ibi tí mo ti ní ọwọ́ rẹ̀ kò sunwọ̀n, ó gbé bírò sílẹ̀, ó fẹ́ fò ó, ó ní kí àwọn ọmọ Ìbàdàn má baà fi Màmá òun ṣe ẹlẹ́yà. Mo ní kí ó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Ó kọ ọ́.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ ní àlọ àti àbọ̀. Kí Ó fi àlùbáríkà sí ẹnu tí o fi ń kọ́ni. Kí àwọn ọmọ tí ò ń kọ́ máa bi àwọn ìyá wọn pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀, kí Ọlọ́run sì fún àwọn ìyá náà ní sùúrù, kí wọ́n má gbá wọn létí kí wọ́n tó ronú sí i. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àsíátù, Fìdítì.