Ọlọ Ẹ̀rọ Mi àti Ẹni Tí Yóò Máa Tan Án

Èmi tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ọlọ, ìyá ọmọ méjì, ìyá àgbà ọmọ mẹ́sàn-án, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé. Ẹni tí kò bá gbà, kí ó lọ bi olùkọ́ kíláàsì àgbà, tó ń kọ́ àwa àgbàlagbà ní ìwé, tí mo fi ìwé yìí lé lọ́wọ́, ta ló gba ipò kìíní nínú ìṣirò.

1. Ọmọbìnrin mi ló ni ilé tí mò ń gbé àti ewúrẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò gbọdọ̀ kun ibi tó dúdú lára ògiri ẹ̀yìn ilé.

Ìdí rẹ̀ rè é. Ní ọdún kan, gbogbo ìgbà tí a bá ti tan ọlọ ẹ̀rọ ni fíùsì ń jó. Àkọ́bí mi ọkùnrin yọ fíùsì, ó fi ìṣó há ibẹ̀, ó ní, "Màmá, ó ti tán." Ọlọ gbéra lóòótọ́. Ní ọjọ́ kẹta, wáyà jó mọ́ ògiri. Fíùsì ni ajá tó ń ṣọ́ wáyà. Ẹni tó di ajá rẹ̀ lẹ́nu, kí ó má bá olè wíjọ́.

2. Oníṣẹ́ iná àdúgbò wa ni mo fẹ́ fún ní àgbò mi.

Kí ìṣó tó dé ló ti sọ pé wáyà mi tín-ín-rín jù fún ọ̀nà tó jìn láti òpó iná dé ìdí ọlọ. Mo pè é ní olè níwájú àwọn oníbàárà, mo ní fíùsì ayédèrú ló ń tà fún wa. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọdún mẹ́jọ ni a kò fi kí ara wa. Nígbà tí ti àkọ́kọ́ jó, wáyà tín-ín-rín mìíràn ni mo tún rà, fíùsì sì ń jó lọ.

Nígbà tí mo mọ̀wé kà, ohun àkọ́kọ́ tí mo kà lẹ́yìn kíláàsì ni àkọlé ara ẹ̀rọ náà: áńpíà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìyẹn ìwọ̀n iná tó ń jẹ. Mo rántí pé oníṣẹ́ iná yìí ti sọ pé bí ẹ̀rọ bá ń gbéra, ìlọ́po mẹ́fà iná ló ń gbé mì. Mo ṣírò rẹ̀ sínú ìwé mi: àádọ́rùn-ún. Èmi gan-an, bí mo bá fẹ́ dìde lórí àga, gbogbo agbára mi ni mò ń pè. Bí mo bá ti dìde tán, mo lè rìn dé òpin àdúgbò. Mo gbé ìwé náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó wo ìṣirò mi, ó gbé àga fún mi. Ó fa wáyà tó nípọn, kí ó má baà rẹ iná kó tó dé. Ó fi fíùsì tó ń mú sùúrù fún ìgbéra, tí kì í sì í dárí ji iná àpọ̀jù tó bá pẹ́. Ọdún karùn-ún rè é, kò jó rí.

Ó kọ àgbò náà. Ó ní ẹni tó bá jogún kò lè jẹ́ ẹlẹ́rìí, ẹ̀rí ni òun sì fẹ́ jẹ́.

3. Àkọ́bí mi ló ni ọlọ ẹ̀rọ, bí ó bá lè ka àkọlé rẹ̀ níwájú oníṣẹ́ iná, kí ó ṣírò rẹ̀, kí ó sì tan ọlọ láìsí ọkà lẹ́nu rẹ̀. A kì í gbé ẹrù lé ẹni tó ṣì ń dìde. Bí kò bá lè ṣe é, kí àbúrò rẹ̀ gbà á.

Kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní ìkà. Èmi ni mo yọ ọ́ níléèwé kí ó wá máa da ọkà sẹ́nu ọlọ, tí owó ọlọ kan náà sì rán àbúrò rẹ̀ lọ. Ìṣó yẹn, èmi ni mo fi lé e lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, àkọ́bí mi wá sí kíláàsì wa, ó jókòó sẹ́yìn mi, ó ń yọjú wo ìṣirò mi. Mo fi ọwọ́ bò ó.

Èmi ni, Ìyá Ọlọ. Ọwọ́ mi rè é, kì í ṣe ìka ni mo tẹ̀.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, ọdún karùn-ún wáyà tuntun.

Ẹlẹ́rìí kìíní: Oníṣẹ́ iná, ẹni tí kò gba àgbò.
Ẹlẹ́rìí kejì: Olùkọ́ kíláàsì àgbà.